Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìmọ̀ Ẹni Tó Ń Ya Sákíìtì Lórí Kọ̀ǹpútà

Sákíìtì ni ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà kúrò ní ẹnu kan bátìrì, tí ó ń la inú gílóòbù tàbí ẹ̀rọ mìíràn kọjá, tí ó sì ń padà sí ẹnu kejì. Bí ọ̀nà náà bá já níbì kankan, iná kò ní ṣàn. Wáyà, bátìrì àti òjé ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóde òní, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò mú àwòrán bátìrì, rẹsísítọ̀ tí ń dí iná lọ́wọ́, àti gílóòbù jáde láti inú sọ́fítíwíà, wọn yóò fi ìlà so wọ́n pọ̀, wọn yóò kọ iye kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe é bí ẹni pé iná ń ṣàn níbẹ̀. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, èsì ti jáde: fóltéèjì, agbára tó ń ti iná, jẹ́ iye báyìí níbí; kọ́rẹ́ǹtì, iná tó ń ṣàn, jẹ́ iye báyìí lọ́hùn-ún. Kò sí gílóòbù kankan tó tàn. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ní òun ti mọ bí sákíìtì yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Bóyá ó tọ́ kí ó lo ọ̀rọ̀ náà "mọ̀" jẹ́ ìbéèrè tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu Yorùbá.

Àwòrán ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Babatunde Lawal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tú ọ̀rọ̀ "àwòrán" sí à-wò-rántí, ohun tí à ń wò kí á lè rántí ohun mìíràn. Ìtumọ̀ yìí bá àwòrán sákíìtì mu ju bí ó ti bá fọ́tò mu lọ. Fọ́tò a máa jọ ohun tí a yà, ṣùgbọ́n àwòrán sákíìtì kò jọ sákíìtì rárá. Rẹsísítọ̀ tí a lè fọwọ́ mú jẹ́ ọ̀pá kékeré tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ mélòó kan yí lára. Nínú àwòrán, àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlà wọ́gọwọ̀gọ, àwọn ará Yúróòpù sì sọ ọ́ di àpótí gbọọrọ. Kapásítọ̀, tí ń tọ́jú iná sínú fún ìgbà díẹ̀, di ìlà méjì tó kọjú síra tí wọn kò fara kanra. Wáyà tó gùn tó mítà mẹ́ta àti wáyà tí kò ju èékánná lọ kò ní ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀, torí pé wáyà inú àwòrán kò ní gígùn, kì í gbóná, kì í sì í dí iná lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni àwòrán náà kò gbọdọ̀ gbàgbé: ta ló so mọ́ ta. Ìlà méjì lè kọjá lórí ara wọn kí wọ́n má mọ ara wọn. Bí a bá fi àmì roboto kékeré kan sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ ti di oríta nìyẹn, ohun gbogbo tó bá sì dé oríta kan náà ń pín fóltéèjì kan náà.

Ọ̀kan nínú àwọn oríta wọ̀nyí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ di ilẹ̀, ohun tí àwọn rẹ̀wáyà ń pè ní éètì. Kọ̀ǹpútà a fún un ní òdo. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò rí i pé iṣẹ́ kò lọ, ó sì sábà máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, nítorí pé bátìrì wà, gílóòbù wà, wáyà pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ibi tí fóltéèjì ń gbé ní òun nìkan. Ìyàtọ̀ láàárín ibì méjì ni, gẹ́gẹ́ bí gíga òkè ti jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín orí rẹ̀ àti ibi tí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n dúró sí. Ìbéèrè pé "fóltéèjì mélòó ló wà níbí?" kò tíì pé títí a ó fi dá a lóhùn pé, sí ibo?

Lẹ́yìn àwòrán ni àfarawé. Àwọn òfin tó ń darí rẹ̀ ti pẹ́. Georg Ohm, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1827 pé bí fóltéèjì bá ti pọ̀ tó ni kọ́rẹ́ǹtì ń pọ̀ tó, bí ìdènà bá sì ti pọ̀ tó ni kọ́rẹ́ǹtì ń dín kù tó. Ní 1845, Gustav Kirchhoff, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Königsberg, fi méjì kún un. Àkọ́kọ́ ni pé iye kọ́rẹ́ǹtì tó wọ oríta kan náà ni iye tó ń jáde níbẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó bá rìn yí sákíìtì ká padà sí ibi tó ti gbéra, gbogbo fóltéèjì tó gùn àti gbogbo èyí tó sọ̀ yóò pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ lè ṣe é: bátìrì 9 volt, gílóòbù LED pupa tó ń gba nǹkan bíi 2 volt, rẹsísítọ̀ 470 ohm. Volt 7 tó kù ni rẹsísítọ̀ yóò gbà, 7 pín sí 470 sì fún wa ní milliampere tó tó 14.9. Kò gba ju bébà àti bírò lọ. Bí oríta bá di ogún, tàbí igba, ọwọ́ ènìyàn kò tó o mọ́.

Ìdí nìyẹn tí sọ́fítíwíà SPICE fi dé. Laurence Nagel ló kọ ọ́ nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Donald Pederson ní Yunifásítì California ní Berkeley, wọ́n sì fi han aráyé ní 1973. Àwọn tó ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ táránsísítọ̀, ohun tí ń fi iná kékeré darí iná ńlá, sórí ègé silicon kan ṣoṣo ló nílò rẹ̀ jù, torí pé ohun tí wọ́n ń ṣe ti kéré kọjá ohun tí ènìyàn lè to sórí tábìlì kí ó fi dán an wò, bí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, kò sí àtúnṣe. LTspice tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, àti ngspice tó ń ṣiṣẹ́ nínú sọ́fítíwíà KiCad, àtọmọdọ́mọ SPICE ni àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà tí SPICE ń gbà dé ìdí èsì yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Ìṣirò rẹsísítọ̀ tọ́ bí ọ̀pá, ṣùgbọ́n ti dáyóòdù, irú bíi LED, àti ti táránsísítọ̀ wọ́. Kò sí bí a ṣe lè yanjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà kọ̀ǹpútà a dá àbá. Yóò ní, ká sọ pé oríta yìí jẹ́ 1 volt, ọ̀hún jẹ́ 3. Yóò wò ó bóyá ohun tó wọlé bá ohun tó jáde dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, yóò lo ọ̀nà Newton láti dá àbá mìíràn tó sàn ju ti ìṣáájú. Báyìí ni yóò máa tún àbá dá títí tí àbá tuntun kò fi ní yàtọ̀ sí ti ìṣáájú mọ́ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá yí ìwọ̀n náà padà. Nígbà mìíràn kì í dúró. Yóò máa yí kiri, kọ̀ǹpútà yóò sì jẹ́wọ́ pé òun kò rí ibi tó ń lọ. Àwọn àgbà ní àbá ní í di òótọ́. Nínú SPICE, àbá tó ti sinmi ni wọ́n ń pè ní òótọ́.

Èyí dá wa padà sí ọ̀rọ̀ náà "mọ̀". Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n lọ bá, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí Yorùbá ní lọ́kàn gan-an bó bá ní òun mọ nǹkan, àti bó bá ní òun gba nǹkan gbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ìmọ̀ jẹ́ ti ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fúnni, ohun tí a kà nínú ìwé, ohun tí olùkọ́ kọ sára pátákó, ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni tó sọ ọ́ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ pọ́ńbélé. A gbọ́, a sì gbà. Ìgbàgbọ́ náà lè di ìmọ̀, àmọ́ àfi kí a dán an wò, kí ẹni tó gbà á gbọ́ sì fojú ara rẹ̀ rí àyọrísí rẹ̀. Nípa òṣùwọ̀n yìí, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìmọ̀ kò tíì kọjá ìgbàgbọ́. Òṣùwọ̀n tó le ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí pé kì í jẹ́ kí ẹni tó kàn gbọ́ nǹkan jókòó sí àyè ẹni tó rí i.

Ibo wá ni àfarawé orí kọ̀ǹpútà wà? Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló yí rẹsísítọ̀ padà láti 470 ohm sí 1000, ojú rẹ̀ ló fi rí i tí kọ́rẹ́ǹtì wálẹ̀ sí milliampere 7. Ó lè tún un ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ó sì máa rí ohun kan náà. Ẹni tó bá wò ó báyìí yóò ní àfojúbà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó rí kọ́ ni iná. Ní 1980, John Searle, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tí òun náà wà ní Berkeley, kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó rò pé òjò tí kọ̀ǹpútà fara wé yóò rin ẹnikẹ́ni, tàbí pé iná tó fara wé yóò jó ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ nípa bóyá kọ̀ǹpútà lè ronú ló ń jà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ sákíìtì. Ẹni tó lọ wo eré ìtàgé tí wọ́n ti pa ọba kò lè lọ jẹ́rìí ní kóòtù pé ọba ti wàjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló fi rí i.

Ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fojú bà ní tòótọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi dù ú. Ó fojú ba àyọrísí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òun ló sọ pé bátìrì jẹ́ 9, òun ló sọ pé rẹsísítọ̀ jẹ́ 470, òun ló gba òfin Ohm wọlé. Kọ̀ǹpútà kàn ń fi hàn án ibi tí gbogbo ohun tó sọ ń gbé e lọ. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, torí pé ènìyàn lè sọ̀rọ̀ kí ó má mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ rẹsísítọ̀ mílíọ̀nù kan ohm, tó sì kọ 1M sínú LTspice, yóò rí i pé rẹsísítọ̀ náà ń ṣe bí wáyà lásán. Nínú èdè SPICE, M túmọ̀ sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, MEG sì ni mílíọ̀nù. Kọ̀ǹpútà kò bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀; ohun tó kọ nìkan ló mú ṣe. Láàárín ènìyàn méjì, ẹni tó ń gbọ́ yóò ti bá ẹni tó ń sọ tún un ṣe kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti kàgbákò 1M lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí àjèjì yóò ṣe gbọ́ ọ.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá tilẹ̀ fi mítà wọn iná lórí tábìlì, kò sí ẹni tó ń fojú rí i. Òótọ́ ni. Mítà fúnra rẹ̀ jẹ́ sákíìtì, nọ́mbà ojú rẹ̀ sì jẹ́ ìròyìn tí à ń gbà gbọ́ nítorí pé a fọkàn tán ẹni tó ṣe é. Ó tilẹ̀ ń jẹ díẹ̀ lára ohun tó ń wọ̀n, nítorí pé díẹ̀ lára kọ́rẹ́ǹtì a máa gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà kò tọ́ kí a pààlà síbi gíláàsì kọ̀ǹpútà, ká ní ìgbàgbọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ohun tó lágbára láti mú nọ́mbà náà yí padà. Lórí pákó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń to sákíìtì sí, bátìrì tó ti ń kú lè yí i, ooru lè yí i, ẹsẹ̀ wáyà tí kò wọlé dáadáa lè yí i, ìpata lè yí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àfarawé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Bátìrì orí kọ̀ǹpútà kì í kú. SPICE gbà pé gbogbo nǹkan wà ní ìwọ̀n ooru 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àfi bí a bá sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, ì báà jẹ́ inú ọyẹ́ tàbí inú àpótí onírin tí oòrùn ń pa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìbàdàn, tó ń ya ẹ̀rọ tí yóò máa sọ iná tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní iná NEPA di 5 volt, yóò kọ 230 volt sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà láti àárọ̀ dalẹ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Ó ti rí gílóòbù tó ń pọ́n bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn, ìmọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́ sínú àwòrán, àfarawé kò ní bá a rántí rẹ̀. LED tí a so mọ́ 9 volt láìsí rẹsísítọ̀ yóò jóná lórí tábìlì. Nínú SPICE, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ lè ga dé iye tí kò sí wáyà tó lè gbé e, LED náà yóò sì wà níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Tinkercad, tí a ṣe fún àwọn ọmọdé àti olùbẹ̀rẹ̀, máa ń fi àmì hàn pé ó ti bàjẹ́, àmọ́ ẹnìkan ló jókòó tó kọ ìyẹn náà sínú rẹ̀.

Ẹni yẹn tó jókòó kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Kí táránsísítọ̀ kan tó lè wọ inú SPICE, àwọn kan gbọ́dọ̀ ti mú irú táránsísítọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n fún un ní kọ́rẹ́ǹtì oríṣiríṣi, kí wọ́n wọn ohun tó ṣe, kí wọ́n sì wá nọ́mbà tó lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Àfojúbà wà ní ìdí àfarawé nígbà náà, ṣùgbọ́n àfojúbà àwọn ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ wọn ló ti dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, bí ìtàn ìlú ṣe ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà. Ìròyìn ni, ìròyìn tó dára gan-an, tó ṣeé gbára lé débi pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi owó wọn sí i. Síbẹ̀ Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Kò sọ pé irọ́ ni ìròyìn; ó kàn sọ pé kò tó.

Èyí kan ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé tí kò sí yàrá ìdánwò níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n yá tàbí fóònù ọwọ́ wọn ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Ìwà ìkà ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé wọn kò kọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti kọ́ òfin Kirchhoff débi tí ó fi di ara wọn. Wọ́n ti ba sákíìtì jẹ́ nígbà ẹgbẹ̀rún láìfi owó ṣòfò, láìjóná lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ìgbàgbọ́ tó ti múra tán fún ìdánwò, irú èyí tí àwọn oníṣègùn tí Hallen àti Sodipo bá sọ̀rọ̀ mọ̀ sí ìgbàgbọ́ tó lè di ìmọ̀. Bátìrì kan, rẹsísítọ̀ mélòó kan, LED méjì àti mítà olówó pọ́ọ́kú ló kù. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò ní kí ó kọ nọ́mbà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: èyí tó fi bírò ṣírò, èyí tí kọ̀ǹpútà sọ, èyí tí mítà sọ. Méjì àkọ́kọ́ yóò sábà bára mu. Ìkẹta yóò yà díẹ̀. Rẹsísítọ̀ 470 tó ní àmì ọ̀dà wúrà lè jẹ́ ohunkóhun láti 446.5 sí 493.5 láìjẹ́ pé ó bàjẹ́, nítorí náà milliampere 14.9 inú ìwé lè jẹ́ 14.2 tàbí 15.7 lórí pákó. Ó yẹ kí ọmọ náà wá ìdí ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀ kí olùkọ́ tó sọ ọ́.

Sákíìtì kan wà tó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn ju èyíkéyìí lọ, olùbẹ̀rẹ̀ sì lè tò ó ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Táránsísítọ̀ méjì ni, wọ́n kọjú síra, kapásítọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ èkínní lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Bí ọ̀kan bá tan LED tirẹ̀, yóò pa ti èkejì, lẹ́yìn náà èkejì yóò san án padà. Pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 47,000 ohm àti kapásítọ̀ 10 microfarad ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, LED méjèèjì yóò máa gba ara wọn láàyè ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ yà á sínú SPICE, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ó pàṣẹ, ohun gbogbo sì dúró jẹ́ẹ́. Kò sí títàn, kò sí pípa. Apá ọ̀tún àti apá òsì jẹ́ ọgbọọgba dé ìdí. Kọ́rẹ́ǹtì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì sí ìdí kankan tí ọ̀kan fi máa ṣáájú. Wọ́n jẹ́ ìbejì tí kò ní Táyéwò, tí kò ní Kẹ́hìndé. Kí wọ́n tó lè gbéra, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣe ojúsàájú: yóò sọ pé kí kapásítọ̀ kan ti ní iná díẹ̀ nínú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó yí iye rẹsísítọ̀ kan díẹ̀, kó sì jẹ́ kí bátìrì bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Lórí pákó, kò ní ṣe ojúsàájú kankan. Kò sí táránsísítọ̀ méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jáde láti inú àpò kan náà. Kò sí kapásítọ̀ méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà. Yóò so bátìrì mọ́ ọn, LED kan yóò sì tàn ṣáájú èkejì. Bó bá pààrọ̀ àyè àwọn táránsísítọ̀ náà, ó lè jẹ́ LED kejì ni yóò kọ́kọ́ tàn lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ohun kan nínú àwòrán tó yà lórí kọ̀ǹpútà tó lè sọ èyí tí yóò jẹ́ fún un ṣáájú.